Yasir Kò Ṣàìsàn Rí

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe àmín. Àdúrà tí Ìyá Àdínní wa, Alhaja Lárái, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún Yasir yẹn, ẹ jẹ́ ká dá a dúró ná. Mo mọ̀ pé ọmọdé kì í já lu àdúrà ní àsàlátù. Mo sì mọ̀ pé nígbà tí Alhaja Lárái gbé máìkì fún mi, wọ́n rò pé mo fẹ́ kéde oúnjẹ ni. Kì í ṣe oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ kan ló há mi lọ́fun bí eegun ẹja láti ìgbà ooru, tí n kò bá sì yọ ọ́ lónìí, òun ni yóò gba ohùn lẹ́nu mi. Èmi Basheerah tí ẹ ń pè ní ọmọ dáadáa, tí mò ń to bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń di àwọn ìyá àgbà mú lọ ṣe àlùwàlá, mo jalè, mo sì purọ́. Ìyá Yasir ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, ìyá tó wọ hijab aláwọ̀ ewé. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá. Ẹ má tíì káwọ́ lérí o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Apá kan wà níbẹ̀ tí màá fi omijé tọrọ àforíjì rẹ̀. Apá kan sì wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá pe gbogbo àfáà Manchester lé mi lórí, n kò ní tọrọ àforíjì rẹ̀.

Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìlọrin ni mo ti ń ka ìwé ìfẹ́, àwọn pélébé pélébé tí a máa ń pààrọ̀ láàárín ara wa, tí èèpo ẹ̀yìn wọn á ti ya kó tó kàn ọ́. Ìyá mi ní wọ́n máa bà mí lórí jẹ́. Bóyá wọ́n bà á jẹ́ lóòótọ́. Nínú àwọn ìwé yẹn, òjò á máa rọ̀, ọmọge á dúró lójú ọ̀nà, ọmọkùnrin á yọ lójijì bí oòrùn ìgbà ọ̀gìnnìtìn. Mo dé Manchester, mo rí òjò, n kò rí ọmọkùnrin. Iṣẹ́ carer ni mò ń ṣe: mo wẹ bàbá kan ní Old Trafford, mo sáré lọ fún ìyá kan lóúnjẹ ní Rusholme, èmi fúnra mi ń jẹ búrẹ́dì nínú bọ́ọ̀sì. Àfi ọjọ́ tí tram kọṣẹ́ lójú irin tí gbogbo wa jókòó sínú rẹ̀ bí ẹrù. Mo wà lórí fóònù pẹ̀lú Àǹtí mi, mo ní, "Ọkọ̀ ràdàràdà yìí tún ti kú." Ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́, tí gírísì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, yọrí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Kò kú o, sister. Ó rẹ̀ ẹ́ ni." Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ń ta kókó bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Ẹ̀yin ìyá mi, àyà mi là sí méjì. Yasir ló ń jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tú tram palẹ̀ kó sì tò ó padà. Ó tú ọkàn mi palẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò tò ó padà.

Nígbà tó yá, a dá ìrìn àjò Llandudno, ìlú etí òkun kan ní Wales. Bank holiday ni, a fẹ́ lọ sinmi. Yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la gbà, tèmi wà lókè, tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹni tí kò bá gbà gbọ́ kó lọ bi onílé. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Àǹtí Mọ̀nsúrát, àbúrò ìyá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí wọn ò tíì rí bàbá rẹ̀. Mo wá ní agency rán mi lọ live-in, pé mo fẹ́ lọ gbé ilé aláìsàn kan fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n dín ẹja fún mi dání. Mo gbé ẹja náà sínú báàgì, mo sì mú blue badge wọn tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Àǹtí mi mọ̀ pé láti ìgbà tí mọ́tò ti gbá wọn ní ìbàdí ni ìjọba ti fún wọn ní káàdì yẹn, kí ẹni tó bá gbé wọn jáde lè rí àyè àwọn àkàndá ẹ̀dá dúró sí nítòsí. Kì í ṣe tèmi. Kì í ṣe ti mọ́tò Yasir. Tí Àǹtí kò bá ti sí nínú ìrìn náà, olè ni ẹni tó lò ó. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi carer tí mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn! Kí ló wá dé tí mo mú un? Mo ti wo etí òkun náà lórí fóònù, mo fẹ́ kó rí bí inú ìwé: kí mọ́tò dúró, kí ilẹ̀kùn ṣí, kí òkun ti wà níwájú wa. N kò fẹ́ ká lọ gbé mọ́tò sẹ́yìn àwọn ilé ìtajà, ká wá máa wọ́ báàgì bọ̀. Ìyẹn nìkan ni. Nítorí kí n lè rí òkun láì rìn.

"Ṣé Auntie mọ̀ nípa this?" Yasir bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo tẹ́ káàdì náà síwájú mọ́tò. Mo ní, "Àwọn ni wọ́n fún mi." Ojú mi ò ṣẹ́. Àwòrán Àǹtí wà lẹ́yìn káàdì yẹn, òfin sì ní kí àwòrán máa dojú délẹ̀. Èmi ni mo da ojú ẹni tó gbà mí sílé délẹ̀. Mọ́tò kan wá ń kọjá, ọkọ àti ìyàwó òyìnbó tó ti dàgbà, kẹ̀kẹ́ arọ wà lẹ́yìn mọ́tò wọn. Wọ́n wo àyè wa, wọ́n yí po, wọ́n tún padà wá wò ó. Obìnrin náà tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi, ó rò pé ìyà kan náà ló ń jẹ wá. Yasir ní, "Babes, jẹ́ kí n sún kúrò, they need it." Mo ní, "Wọ́n á rí ibòmíràn." Mo kọjú sí òkun títí wọ́n fi lọ. Olè mìíràn á jí nǹkan, á sá lọ. Èmi jókòó sórí tèmi, mo ń ya fọ́tò.

Yasir lọ ra ice cream. Ibi tí mo ti ń ya òkun ni mo ti gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: "Basheerah! Àbí ojú mi ni?" Mo yí padà. Alhaja Lárái! Ìyá Àdínní wa, pẹ̀lú ike súwítì lọ́wọ́. Mo ti gbàgbé pátápátá pé ọjọ́ yẹn náà ni bọ́ọ̀sì àwọn ìyá àsàlátù wa ń lọ gba atẹ́gùn létí òkun náà. Mo kúnlẹ̀ gbì sórí kọnkéré. "Ẹ káàsán ma." Wọ́n ní, "Káàsán, ọmọ mi. Kí lo wá ṣe níbí? Àǹtí ẹ ní o lọ live-in." Ojú wọn ti dé iwájú mọ́tò, ó ti bá káàdì búlúù níbẹ̀. Ẹnu mi yá ju orí mi lọ. Mo ní, "Live-in náà ni, ma. Client mi ni mo gbé wá gba atẹ́gùn." "O káre. Òun náà dà?" Àsìkò yẹn gan-an ni Yasir yọ o, ice cream lọ́wọ́ ọ̀tún, ice cream lọ́wọ́ òsì, ó ń tiro. Òkúta etí òkun ló wọ̀ ọ́ ní bàtà! Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ mọ̀? Alhaja wò ó láti òkè délẹ̀, omi lé ròrò sójú wọn. Wọ́n rọra bi mí pé, "Ọmọ tó rẹwà báyìí! Látìgbà wo ló ti ń ṣe é?" Mo fèsì jẹ́jẹ́ pé, "Wọ́n bí i mọ́ ọn ni, ma." Ahọ́n mi yìí ló sọ ọ́, kò sì gé. Alhaja bi í léèrè orúkọ, wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórúnkún, wọ́n ṣàdúrà ní Lárúbáwá, wọ́n tún ṣe é ní Yorùbá, ice cream ń yọ́ láti ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé, ó tẹrí ba, ó ń ṣe "Àmín ma, àmín ma." Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, "Kí ló dé tí Mama yẹn ń gbàdúrà fún my knee?" Mo ní bí àwọn àgbà Ìlọrin ṣe ń súre fún ọ̀dọ́kùnrin nìyẹn. "For the knee?" "Kó lè lágbára ni." Ó rẹ́rìn-ín títí ice cream fi já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo padà délé, mo bá ilé ní rúdurùdu. Àǹtí ti da gbogbo aṣọ wọn sílẹ̀. Victoria aládùúgbò wa ló gbé wọn pé kí wọ́n lọ kí ọ̀rẹ́ wọn ní ọsibítù. Wọ́n débẹ̀, kò sí káàdì, àyè tó ṣófo jìnnà, ìbàdí kò sì lè gbé e. Wọ́n padà sílé láì rí ẹni tí wọ́n fẹ́ kí. "Basheerah, wá bá mi wò ó, àbí ojú mi ò ríran mọ́ ni?" Ẹ̀yin ìyá mi, mo bá wọn wá a. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì, mo tú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ṣépè fún èṣù tó gbé e pamọ́, bẹ́ẹ̀ káàdì wà nínú báàgì tó so kọ́ mi léjìká. Nígbà tí wọ́n wọ ilé ìtọ̀, mo tì í sábẹ́ kùṣín àga wọn, mo pariwo, "Àǹtí, òun rèé o!" Wọ́n dé, wọ́n dúró, wọ́n wo àga. "Àga yìí? Mo ti yẹ àga yìí wò." Mo ní, "Ẹ ti gbàgbé ni." Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Ẹ ti gbàgbé ni.

Ọjọ́ àsàlátù tó tẹ̀lé e, nínú gbọ̀ngàn yìí, Alhaja Lárái ní kí ẹ fi ọmọkùnrin kan sínú àdúrà, Yasir, aláìsàn tí Basheerah ń tọ́jú. Wọ́n yìn mí. Wọ́n ní kí àwọn ọmọbìnrin tó kù fi mí ṣe àwòkọ́ṣe. Láti ìgbà náà ni ẹ ti ń pe orúkọ olólùfẹ́ mi fún ìwòsàn, àmín tèmi ló sì ń ròkè jù. Mo tiẹ̀ ń sunkún sí i. Ọ̀kan nínú yín fún mi ní omi zamzam kí n máa fi pa á lẹ́sẹ̀. Yasir fi da kebab sọ́fun ní Wilmslow Road, ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Mama.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò tètè tún un ṣe. Nínú àwọn ìwé tí mo kà, irọ́ kékeré máa ń gbẹ bí ìrì tí ìfẹ́ bá ti ràn. Mo ń dúró kó gbẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wa dójú ẹ̀, tí Yasir ní òbí òun fẹ́ wá rí Àǹtí, Àǹtí kò fura; orúkọ náà pọ̀ nílùú. Ohun tí n kò rò ni pé wọ́n á wá àgbà tí yóò gbẹnu sọ fún wa, ta ni wọn ì bá sì pè bí kò ṣe Ìyá Àdínní? Àlejò wọlé. Alhaji Àjàgbé, bàbá rẹ̀, nínú agbádá. Ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Yasir lẹ́yìn wọn, páálí malt lórí èjìká ọ̀tún, òmíràn lórí tòsì. Alhaja Lárái ta gìrì lórí àga. "Subuhanallahi! Ta ló gbé ẹrù lé aláìsàn lórí?"

Ìyá Yasir bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló tẹ̀lé wọn wọlé. "Aláìsàn wo, Alhaja?" "Yasir ni, àbí? Basheerah, ṣé client ẹ kọ́ nìyí? Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀ o, ìyá. Ọmọ tí wọ́n bí mọ́ àìsàn kò rọrùn. À ń gbàdúrà fún un." "Ọmọ tí mo bí? Èmi?" Ìyá Yasir ti dìde. "Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo Saturday!" Àǹtí mi kọjú sí mi: "Basheerah, aláìsàn tí wọ́n ní kí o máa tọ́jú lo fẹ́ fẹ́? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ ni?" Wọ́n kọjú sí àwọn àlejò: "Ẹ má bínú o. Nílé wa, a máa ń ṣe ìwádìí kí a tó fọmọ fọ́kọ. Àìsàn abínibí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi malt bò mọ́lẹ̀." Alhaji Àjàgbé ní, "Ẹ rọra, ẹ rọra." Alhaja Lárái, nínú àánú wọn, ní, "Ọmọ mi, sọ ẹrù kalẹ̀. Rìn díẹ̀ ká rí i." Ẹ̀yin èèyàn, Yasir rìn. Láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ojú fèrèsé, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ àgbò iléyá. Ó dé ojú fèrèsé, ó yíjú, ó wò mí. Mo rí i bó ṣe yé e: òkun, káàdì, orúnkún, zamzam. Ọ̀rọ̀ péréte ló kù kí n sọ, "Alhaja, irọ́ ni mo pa." Mo dorí kodò, mo ń ká etí ìborùn mi. Ẹ̀yin ìyá mi, èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀: mo dákẹ́. Yasir ló sọ̀rọ̀. "Ó ti ṣe mí rí, ma. Mo ti gbádùn." Ìyá rẹ̀ ní, "Yasir! Nígbà wo?" Ó ní, "Mum, leave it." Obìnrin yẹn wo ọmọ tó lóyún rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àjèjì. Alhaji Àjàgbé gbá agbádá rẹ̀ jọ. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Mo sáré bá a nídìí mọ́tò. "Client?" ni ohun tó kọ́kọ́ sọ. "Basheerah, client? Are you having a laugh?" Mo ní, "Nítorí wa ni mo ṣe ṣe é." "Nítorí wa kẹ̀? Mo purọ́ fún mum mi lójú wọn. N ò ṣe é rí. Ìwọ lo máa tú u, èmi kọ́." "Àǹtí máa lé mi jáde." "Má pè mí títí o fi sọ ọ́." Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé, ibẹ̀ ni ọmọkùnrin ti máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, tí yóò sáré padà wá. Yasir tan wáípà, ó sì lọ.

Síbẹ̀ n kò sọ. Ẹ̀yin lẹ sọ. Ẹ ní ìdílé Yasir, àwọn ará Fallowfield yẹn, fẹ́ fi abirùn lù wá ní jìbìtì. Ẹ ní ó gbádùn ni, àmọ́ irú rẹ̀ máa ń padà wá. Ẹ gbọ́ o, èmi ni mo bí irọ́ yẹn, mo gbà, ṣùgbọ́n kò tíì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé e pọ̀n dé Bolton. Tí Yasir bá tiẹ̀ ń tiro lóòótọ́ ńkọ́? Ṣé ẹni tó ń tiro kì í gbéyàwó ni? Ṣé Àǹtí mi tó ń fi ọ̀pá rìn kì í ṣe èèyàn? Ẹ má ṣe "hìn-ín" sí mi. Ẹ ń ṣàánú aláìsàn nínú àdúrà, ẹ sì ń sá fún un nínú ìdílé.

Àǹtí ni wọ́n tú mi. Mo ń fọ abọ́ ní kíṣìn, wọ́n wọlé, wọ́n kó pásípọ́ọ̀tù àti káàdì báǹkì wọn lé mi lọ́wọ́. "Bá mi tọ́jú wọn. Láti ọjọ́ blue badge yẹn ni mo ti mọ̀ pé orí mi ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo ti ní kí dókítà yẹ̀ mí wò. Má tíì sọ fún ìyá ẹ." Wọ́n ní àwọn ti fi kíkọ́ àwọn ọmọ ní Kùránì sílẹ̀, kí àwọn má baà ṣi ẹsẹ kan kà lójú ọmọdé. Àǹtí mi, tí wọ́n ń ka Yásín láì wo ìwé! Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí òkun dé orí àga. Wọ́n gbọ́ ọ tán, ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: "Abẹ́ kùṣín yẹn, ìwọ lo fi í síbẹ̀?" "Èmi ni." "Orí mi pé nígbà náà?" "Orí yín pé, Àǹtí." Wọ́n fara ti ògiri, wọ́n ń sọ pé "Alhamdulillahi, Alhamdulillahi," omijé ń dà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá gbá mi létí. Ó dùn mí dénú eyín. Wọ́n ní, "Ibi tí wọ́n ti gbọ́ irọ́ ẹ, ibẹ̀ ni kí o lọ tú u."

Mo ti dé ibẹ̀. Yasir kò ṣàìsàn rí. Ìyá rẹ̀ kò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Kì í ṣe client mi, ọkọ tí ọkàn mi yàn ni. Àǹtí Mọ̀nsúrát, ẹ foríjì mí. Alhaja Lárái, mo fi àdúrà yín ṣeré, ẹ foríjì mí. Tọkọtaya inú mọ́tò yẹn, n kò morúkọ yín, n kò lè rí yín bẹ̀, ìyẹn á máa jẹ́ tèmi. Ẹ̀yin ọmọge tí ẹ ń fi hijab bo ẹ̀rín lọ́wọ́ ẹ̀yìn, n kò ní sọ pé kí ẹ má nífẹ̀ẹ́. Ẹ nífẹ̀ẹ́. Ẹ ka ìwé yín. Ẹ lọ wo òkun. Àmọ́ ẹ má gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí kò lè rìn débẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣiyèméjì nípa orí ara rẹ̀ kí ohun tí ẹ jí lè pamọ́.

Ìyá Yasir, ẹ wò mí. Orúnkún mi rèé nílẹ̀ nítorí irọ́ tí mo pa mọ́ ọmọ yín. Ẹ lè fi mí sílẹ̀ níbí títí gbọ̀ngàn yóò fi ṣófo, mo jẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ bi mí bóyá mo kábàámọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dìde dúró kí n tó dá yín lóhùn. Rárá, ma.